Ta Ló Ni Orin? I.K. Dáíró, Orin Ìgbèríko àti Àwọn Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Lára Àwo

Ní ọdún 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shaboozey gbé orin kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ 19 gbáko ni orin náà fi jókòó sí ipò kìíní lórí àtẹ orin Billboard Hot 100. Ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n bí ọmọkùnrin náà sí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Chibueze ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni irú orin tó kọ. Orin country ni, ìyẹn orin ìgbèríko, tí àwọn àgbẹ̀, àwọn adaran-màlúù àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú-irin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń sọ ayọ̀ àti ìbànújẹ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni Beyoncé gbé àwo Cowboy Carter jáde, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀: kí ló kan adúláwọ̀ nínú orin àgbẹ̀ òyìnbó?

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn àgbà ìlú mi léèrè, ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, nítòsí Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọn yóò sọ fún un pé orin yìí ti di ọmọ ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú pa Jim Reeves ní ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1964, ṣùgbọ́n kò kú lórí rédíò wa. Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń kan ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́, yálà ní ilé onígbàgbọ́ tàbí ní ilé mùsùlùmí. Don Williams náà, tó di olóògbé ní ọdún 2017, kò ṣàjèjì sí àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn awakọ̀ tí mo bá láyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ń sọ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Orin ìgbèríko ti Amẹ́ríkà àti orin tiwa jẹ́ ìbátan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Báńjò tí gbogbo ayé kà sí ohun èlò àgbẹ̀ òyìnbó, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé ìmọ̀ rẹ̀ kọjá òkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1927, ní ìlú Bristol tó wà ní ààlà Tennessee àti Virginia, oníṣòwò àwo kan tó ń jẹ́ Ralph Peer gba ohùn ọkùnrin kan sílẹ̀, Jimmie Rodgers, òṣìṣẹ́ ojú-irin tí ikọ́ ife lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà tí ikọ́ náà pa á, ní 1933, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 35. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń pè ní bàbá orin country títí di òní. Àwo rẹ̀ rìn dé orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Nígbà tí Hugh Tracey lọ gba orin àwọn ẹ̀yà Kipsigis sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1950, ó bá àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kọrin nípa ẹnìkan tó ń jẹ́ Chemirocha. Jimmie Rodgers ni wọ́n sọ di Chemirocha. Wọ́n ti fún un ní orúkọ ilé.

Nílé tiwa náà, ẹ wo orin jùjú. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lágbàáyé ní 1982, ohùn kan wà níbẹ̀ tó ń fà bí ẹni tó ń sunkún jẹ́jẹ́. Gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì ni, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Démọ́lá Adépòjù ló ń ta á. Ohun èlò àwọn olórin country ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò ní sọ pé àlejò ni.

Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n mú ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn olórin wa, kí n sọ pé ẹni yìí ni akọrin ìgbèríko tiwa, n kò ní lọ jìnnà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí náà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró ni, tí gbogbo ayé mọ̀ sí I.K. Dáíró.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó wọ ilé-ìwé àwọn oníhìnrere ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n owó kò tó mọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó sì fi ìwé sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kan ìlù kan fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Nígbà tó kúrò ní Ọ̀fà lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó gbé ìlù náà dání. Iṣẹ́ ìgbàjámọ̀ ló ń ṣe níbẹ̀. Bí kò bá sí orí láti gẹ̀, yóò lọ jókòó ti àwọn onílù, yóò máa fi etí kọ́ṣẹ́. Ní 1942, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Ọmọ ọdún méjìlá péré ni.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti kàn mí jù ni Ẹdẹ, nítorí Ẹdẹ kò jìnnà sí wa. Ní 1948, ó lọ síbẹ̀ láti máa bá ọ̀gá kan kiri aṣọ tà. Lọ́sàn-án, aṣọ ń bẹ lórí rẹ̀. Lálẹ́, ìlù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá rin ìrìn-àjò, Kẹ́hìndé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lùlù níbi ayẹyẹ kan. Kò mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá yóò padà. Ọ̀gá dé, kò bá ọmọ-ọ̀dọ̀ nídìí ọjà, ó sì lé e lọ. Ẹni tó bá ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí: iṣẹ́ bọ́, oúnjẹ bọ́. Iṣẹ́ agbára ló bọ́ sí, ó ń ṣe lébírà, ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Níbẹ̀ ló ti bá Daniel Ojoge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú, ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà sílé.

Ẹ fi ìtàn yìí ti ìtàn Jimmie Rodgers lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ojú-irin ni ti ọ̀kan. Ọ̀fà àti Ẹdẹ, tí èkejì gbé, wà lójú ọ̀nà ojú-irin tó ti Èkó lọ sí Kánò. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin kọ́ ni èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, lẹ́nu oníbàárà, ní ìsọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́, òun ni wọ́n sọ di orin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe Dáíró ní akọrin ìgbèríko. N kò sọ bẹ́ẹ̀ láti fi òyìnbó gbé e níyì. Òyìnbó ti gbé e níyì ṣáájú mi.

Ní 1957, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá sílẹ̀, ó pè é ní Morning Star Orchestra. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, wọ́n pè wọ́n síbi àpèjẹ kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn èèyàn ńláńlá pé sí, òkìkí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Blue Spots, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje orin jùjú tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Túndé King ló gbé orúkọ jùjú jáde ní Èkó ṣáájú rẹ̀. Ayìndé Bàkàrè àti àwọn mìíràn ti fi iná mọ̀nàmọ́ná sí gìtá. Àmọ́ Dáíró ni ó gbé àkọ́díọ̀nù kọ́rùn, tó mú un bá gángan sọ̀rọ̀, tó kó ohùn orin Ìjẹ̀ṣà, orin ìjọ aládùúrà, òwe àti oríkì sínú orin tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Salome, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1962, kò sí ilé oníbáàrì tí kò dé.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n akọrin wà. Àwo ìgbà náà kéré, kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olórin òde ìnáwó lè fi wákàtí kan ki ẹnìkan, owó ni yóò sọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe àwo kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó ní láti mọ gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ sọ, èyí tí àwọn ẹlẹ́gbè yóò gbà, ibi tí ìlù yóò ti dáhùn, àti ọ̀rọ̀ tí yóò kù sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kúrò lórí àwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn akọrin country ní Nashville ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni: o wọn pákó, o gé e, kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kò gbọdọ̀ dín.

Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Kí ọdún náà tó parí, Nàìjíríà ti di olómìnira tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba ìgboro, orin wọn gùn, gìtá wọn pọ̀, Dáíró sì rọra bọ́ sí ẹ̀yìn, ó kọjú sí iṣẹ́ ìjọ aládùúrà rẹ̀. Ó tún padà nígbà tó dàgbà. Ní 1994 sí 1995, ó wà ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin. Ọmọ tí owó lé kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di olùkọ́ ní yunifásítì. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 1996.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, èyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni mo kà sí pàtàkì jù. Ní 1969, òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ olórin àpàlà, da owó pọ̀, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀. Onígbàgbọ́ kan, mùsùlùmí kan. Olórin jùjú kan, olórin àpàlà kan. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tó ní àwo ló ń jẹ orin, ẹni tó kọ ọ́ sì lè sùn lébi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Nínú orin kan tí a gbà sílẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ẹni tó dá orin náà, ẹni tó fi ohùn kọ ọ́, àti ẹni tó náwó sí àwo. Ẹnìkan lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bob McDill ló dá orin Amanda. Don Williams kọ ọ́, Waylon Jennings náà kọ ọ́, ó sì gbé e dé ipò kìíní ní 1979. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn orin náà kò rí McDill rí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń wọlé fún un, ní 2023 wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìyìn àwọn olórin country. Dolly Parton gbé I Will Always Love You jáde ní 1974. Elvis Presley fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n alágbàtà Elvis ní àfi kí obìnrin náà fún àwọn ní ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà. Dolly sunkún, ó sì kọ̀. Nígbà tí Whitney Houston kọ orin kan náà ní 1992 tí gbogbo ayé mì tìtì, Dolly ló ń gba owó ẹni tó dá a.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdàkejì rẹ̀. Ìdílé Carter, tí àwọn náà kọrin fún Ralph Peer ní Bristol ní 1927, rin abúlé dé abúlé láti wá orin àtijọ́. Adúláwọ̀ kan, Lesley Riddle, tó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú jàǹbá ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì, ló ń bá A.P. Carter rìn. Carter ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, Riddle ń fi orí gba ohùn rẹ̀. Nígbà tí àwo jáde, orúkọ Carter ló wà lára ẹ̀. Ti Riddle kò sí níbẹ̀.

Irú Riddle wà ní ilé wa náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kan gbé Ilé-Ogbó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àgbẹ̀ ni, oko kòkó àti iṣu ló ń ro, kò sì ṣe àwo kankan rí. Síbẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn bá ti Mẹ́kà dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Yóò béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kọrin fún, oríkì ilé bàbá rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bó bá di ọjọ́ kẹta, orin wákà ti délẹ̀. Yóò jókòó pẹ̀lú ìyá ẹgbẹ́, yóò kọ́ ọ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Adìẹ kan àti obì díẹ̀ ni owó iṣẹ́.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé, "Bàbá, ṣé kì í dùn yín pé wọ́n ń kọ orin yín káàkiri, wọn kò sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dá a?"

Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó ń jẹ iṣu, ṣé wọ́n ń béèrè àgbẹ̀ tó kọ ebè rẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ti sanwó iṣu lọ́jà kí wọ́n tó jẹ ẹ́, Bàbá."

Ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu mi ti mú jù.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ síbi ìnáwó kan ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ tí olórin tí wọ́n gbà síbẹ̀ mú orin kan bẹnu, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Orúkọ ìyàwó tuntun nìkan ni ọkùnrin náà pààrọ̀. Ohùn, ègbè àti oríkì, ti bàbá rẹ̀ ni. Orin náà ti wà lára àwo, orúkọ ọkùnrin náà ló sì wà lẹ́yìn àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàlàyé. Ọkùnrin náà kò bú u. Ó kàn ní lẹ́nu ìyá òun ni òun ti gbọ́ ọ láti kékeré, ó sì béèrè pé: "Ẹ̀rí dà?" Kò sí. Kò sí ìwé, kò sí kásẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Copyright Act ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, fún ẹni tó dá orin ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jogún orin bí wọ́n ṣe ń jogún ilẹ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ènìyàn forúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó ní ẹ̀tọ́ yìí. Ṣùgbọ́n òfin náà fi gbólóhùn kan sí i: orin náà gbọ́dọ̀ wà lára nǹkan, yálà nínú ìwé, tàbí lára ẹ̀rọ tó gba ohùn sílẹ̀. Orin tó wà lẹ́nu nìkan dà bí ilẹ̀ tí kò ní pórógan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbin igi sí i ni yóò máa pè é ní tirẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa kò rí bẹ́ẹ̀, pé orin àti oríkì jẹ́ ti gbogbo ìlú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Oríkì Ìwó kì í ṣe ti ẹnìkan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a jogún àti ohun tí ẹnìkan fi òòjọ́ rẹ̀ ṣe. Agbẹ́gilére kò ni igi tó wà nínú igbó, síbẹ̀ bí ó bá ti gbẹ́ ère tán, a kì í sọ pé igbó ló gbẹ́ ẹ. Ṣebí nígbà tí àwọn olórin òde òní tún orin Dáíró kọ, títí kan ọmọ bíbí inú rẹ̀, Paul Dáíró, gbogbo wa mọ orísun rẹ̀? A mọ̀ ọ́n nítorí pé ó wà lára àwo, orúkọ sì wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò gba owó ńlá. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń dá orin, kí ó gbé fóònù rẹ̀ jáde. Kí àgbà náà kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ àti ìlú tí wọ́n wà, kí ó sọ ẹni tí ó dá orin náà fún, kí ó tó kọ ọ́. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí mìíràn, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, kòkòrò sì ń jẹ ìwé. Ẹ̀yin olórin, bí ẹ bá gbọ́ orin lẹ́nu àgbà, ẹ bi í léèrè ẹni tó dá a, kí ẹ sì fi orúkọ náà síbẹ̀. Kò ní dín yín kù.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó ti àwọn ìyá ẹgbẹ́ tó ṣẹ́kù ní Ilé-Ogbó, mo sì ti gba orin 17 tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá sílẹ̀. Méjì nínú wọn, àwọn ìyá kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo kọ ti ìhà méjèèjì. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá kan wà ní Kúta tó mọ èyí tí bàbá náà dá fún ìgbéyàwó tirẹ̀, àti pé ohùn ìyá náà ṣì já gaara. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń lọ.